Bọ́dì-kíìtì fún ọkọ̀ asáré: bí mo ṣe ń yàn án àti bí mo ṣe ń rà á ní Àjàṣẹ́

Bọ́ńpà tí mo kọ́kọ́ rà fún ọkọ̀ mi ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Àwọn adìyẹ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Fáíbà ni, ó gùn, ó ní ihò ńlá mẹ́ta níwájú bí ẹnu ẹja tó ń gba afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ tó dé láti Kutọnu, orí takisí ni wọ́n dì í mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì sáré wá wò ó. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tólíyè wa, ẹni tí ẹ̀yin ará Èkó ń pè ní páànù bítà. Ó gbé e sí iwájú ọkọ̀, ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

"Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé ọkọ̀ yìí ló ni ín?"

"Wọ́n ní ti E46 ni, ẹ̀gbọ́n."

"E46 onílẹ̀kùn mélòó?"

Ẹnu mi wọhò. BMW E46 onílẹ̀kùn méjì ni tèmi, bọ́ńpà onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo rà. Tèèyàn bá dúró lókèèrè, ojú wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n féńdà wọn, iná iwájú wọn àti bónẹ́ẹ̀tì wọn kò bára mu rárá. Olùtajà kò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè.

Láti ìgbà náà, mo ti ra kíìtì, ìyẹn bọ́ńpà, ètè abẹ́ rẹ̀, féńdà àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń yí ìrísí ara ọkọ̀ padà, fún ọkọ̀ tèmi àti ti ọ̀rẹ́ méjì, mo sì ti rí i pé owó tí wọ́n kọ sára ọjà kò tó ìdajì wàhálà tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ tólíyè àti ọwọ́ pẹ́ńtà ni kíìtì ti ń gbówó. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti bọ́ sójú ẹ̀ láti ilé, owó ọwọ́ wọn á kéré. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ ó máa san án títí tí ọkọ̀ náà á fi sú yín. Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí.

1. Ẹ mọ orúkọ àbísọ ọkọ̀ yín

Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, oríkì àti àlàjẹ́ ni. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni kóòdù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi ń pè é. Toyota 86 tó jáde ní 2012, ZN6 ni. GR86 tó rọ́pò rẹ̀, ZN8 ni, bọ́ńpà ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì. Nissan 350Z ni Z33, 370Z sì ni Z34. Mazda MX-5 ti pààrọ̀ ara lẹ́ẹ̀mẹrin: NA, NB, NC, ND. Kóòdù yìí ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí olùtajà. "Mo ní Mazda kékeré aláwọ̀ pupa" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kóòdù nìkan kò tó, gẹ́gẹ́ bí ojú tèmi ti rí i. Ẹ ka iye ilẹ̀kùn. Ẹ tún wádìí bóyá ọkọ̀ yín jáde ṣáájú ìgbà tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe tàbí lẹ́yìn rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ máa ń pààrọ̀ iná àti bọ́ńpà láàárín ọdún mélòó kan láì pààrọ̀ orúkọ. E46 onílẹ̀kùn mẹ́rin, 2001 ni wọ́n tún ojú tirẹ̀ ṣe. Ti onílẹ̀kùn méjì, ó di 2003. Lẹ́yìn èyí ni irú ẹ̀yà tó jẹ́. M3 tó wà nínú ìdílé E46 yìí kan náà, féńdà rẹ̀ fẹ̀ ju ti E46 lásán lọ. Ẹni tó bá ra bọ́ńpà M3 gidi fún E46 lásán, ó di dandan kó ra féńdà pẹ̀lú, àbí kó wá èyí tí wọ́n ṣe ní àwòṣe M3 ṣùgbọ́n tí wọ́n gé ní ìwọ̀n E46 lásán.

Ohun kan tún wà tó kàn wá gan-an níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ ní pọ́ọ̀tù Kutọnu, àwọn kan ti Yúróòpù wá, àwọn kan ti Amẹ́ríkà wá. Bọ́ńpà ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè nọ́ńbà rẹ̀ sì kúrú, ó ga, nítorí nọ́ńbà tiwọn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 15, nígbà tí ti Yúróòpù jẹ́ 52 sí 11. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Nọ́ńbà tó ní lẹ́tà àti fígọ̀ 17, èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Jámánì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ wo ojú ibi tó ń ka eré: tó bá jẹ́ máìlì ló gba iwájú, tí sítíárì sì wà lápá òsì, ọmọ Amẹ́ríkà nìyẹn.

Lópin gbogbo rẹ̀, ẹ fa téèpù. Láti àárín táyà iwájú dé igun bọ́ńpà, apá ọ̀tún àti apá òsì, ṣé iye kan náà ni? Àlàfo tó wà láàárín bónẹ́ẹ̀tì àti féńdà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ló ti gbá nǹkan kí ó tó wọkọ̀ ojú omi, wọ́n kàn kùn ún ni. Bí ẹ bá ra kíìtì tó péye fún ọkọ̀ tí egungun rẹ̀ ti wọ́, kíìtì náà ni ẹ ó máa bú, kò sì jẹ̀bi.

2. Ẹ jẹ́ kí páálí kọ́kọ́ wọ aṣọ náà

Kíìtì máa ń fa ara ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Olùtajà á ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni, ẹ̀yin náà á sì rò pé kí ni márùn-ún já mọ́. Òjò ti kó ilẹ̀ pupa lọ ní àwọn àdúgbò wa tí wọn ò tíì to òkúta sí. Níbi tí wọ́n ti to ó, wọ́n mọ òkìtì dí eré lọ́wọ́, ibi tí kò sí òkìtì, gọ́tà ló wà. Àwọn tó ń ya àwòrán kíìtì lórí kọ̀ǹpútà kò dé àdúgbò Tokpota wa níhìn-ín rí.

Nítorí náà, ẹ wá páálí líle, irú èyí tí fìríìjì máa ń bá wá. Ẹ gé e ní ìrísí ètè iwájú tí ẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kó jìn sísàlẹ̀ ní iye sẹ̀ǹtímítà tí olùtajà sọ, kó sì yọ síwájú bí ó ti máa yọ. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́ńpà tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, torí òkìtì tó ga tó sì tinrín, àárín ọkọ̀ ló máa ń ha. Kí ẹ wá máa lọ síbi tí ẹ máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan: ọjà Ouando, ibi iṣẹ́, ilé àna, ojú ọ̀nà Kutọnu tó gba Sẹ̀mẹ̀. Ẹ kó ẹni mẹ́ta sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ rọ epo kún un, nítorí ọkọ̀ tó dá wà àti ọkọ̀ tó gbẹ́rù kò ga bákan náà.

Àwọn èèyàn á fi yín rẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ̀ mi ń kó ẹyin. Ṣùgbọ́n lópin ọ̀sẹ̀, ibi tí páálí náà ti ya ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Páálí tèmi kò kú sójú ọ̀nà rárá. Ẹnu géètì ilé wa ló ti ya sí méjì. Mo pe bíríkìlà, ó fa ẹnu ọ̀nà náà gùn kó lè dẹ̀, mo tún páálí mìíràn gé. Owó sìmẹ́ǹtì yẹn ni mo fi gba bọ́ńpà mi là.

3. Ẹ pinnu ibi tí ẹ ó dúró

Ètè iwájú, ti abẹ́ ilẹ̀kùn, difúsà ẹ̀yìn (èyí tó wà lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn) àti sípóílà, ìyẹn ìyẹ́ kékeré orí búùtù: aṣọ lásán ni wọ́n, ẹ lè bọ́ wọn lọ́jọ́ tó bá wù yín. Odindi bọ́ńpà tuntun le jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbọ̀ ṣì wà, bí ẹ kò bá ti ta ti àtijọ́. Ẹ má ta á o.

Féńdà fífẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ayé ti rí iṣẹ́ àwọn ará Japan lórí rẹ̀: Wataru Kato ti Liberty Walk, Kei Miura tó ń ya Rocket Bunny àti Pandem, Akira Nakai ti RWB tí í máa ń rìnrìn-àjò fúnra rẹ̀ lọ gé Porsche oníbàárà. Ó dáa láti wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so ó mọ́ ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gé irin féńdà tó bá ọkọ̀ wá. Ibi tí wọ́n gé yẹn, irin méjì ló pàdé níbẹ̀. Tí tólíyè kò bá jó wọn pọ̀ padà dáadáa, kó sì fi oògùn ìpẹtà bò ó, omi á wọ àárín. Ẹ sì mọ bí iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ṣe ń jẹ irin láti Kutọnu dé Sẹ̀mẹ̀. Lẹ́yìn gígé, táyà àti ríìmù tó fẹ̀ ṣì ń dúró de owó yín, tàbí irin tí wọ́n fi ń ti ríìmù jáde, tí bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ kó lè dì mú dáadáa. Ẹni tí kò bá lè san gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan, kó má bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹ́ ńlá orí búùtù ńkọ́? Eré tó pọ̀ gan-an ló máa ń mú kó tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Láàárín Àjàṣẹ́ sí Kutọnu, pẹ̀lú zémìjàn (ọ̀kadà) lọ́tùn-ún lósì, mi ò mọ ibi tí ẹ ti fẹ́ sa eré náà. Ẹni tó bá wù, kó rà á fún ẹwà, ṣùgbọ́n kó fi irin kún abẹ́ búùtù níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dúró, torí páànù búùtù tinrín.

4. Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ibí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, ibí náà ni àwọn olùtajà ti máa ń yára jù.

Fáíbà ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì pọ́ọ́kú. Okùn gíláàsì tí wọ́n hun tàbí tí wọ́n tẹ́ ni, tí wọ́n fi rẹ́sìnì dì. Ó fúyẹ́, ó le, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀: tó bá gbá òkìtì, ṣe ló máa là. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn: ó ṣe é tún ṣe. Aṣọ gíláàsì díẹ̀, rẹ́sìnì díẹ̀, ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ á dì í padà kí ọjọ́ tó rọ̀. Àbùkù rẹ̀ tó burú jù ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sójú ìwọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fáíbà tí tólíyè kì í fá, gé tàbí kún.

Polyurethane, tí wọ́n ń pè ní PU, rọ̀ bí rọ́bà. Tó bá kan ilẹ̀, á tẹ̀, á sì padà sípò. Ó wúwo ju fáíbà lọ, oòrùn sì lè mú kó rọ̀ sísàlẹ̀ tí wọn ò bá fi ìdè tó pọ̀ tó dì í. Ọ̀dà rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní èròjà tó máa jẹ́ kó lè tẹ̀; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ́ńpà á padà sípò, ọ̀dà á wà nílẹ̀.

PP ni ike tí ilé-iṣẹ́ fúnra wọn fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bọ́ńpà. Ó rọ̀ níwọ̀nba, ó lágbára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọ̀dà. Pírámà (ọ̀dà àkọ́kùn) pàtàkì kan wà fún ike irú èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ́n sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ pẹ́ńtà bóyá ó ní in. Tó bá ní kò sí ìyàtọ̀, ẹ wá pẹ́ńtà mìíràn. ABS, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì ìṣeré Lego, gba ọ̀dà dáadáa, kì í sì í rọ̀ sísàlẹ̀, àmọ́ ó le ju PP lọ, ó sì lè là.

Kábọ̀nù fúyẹ́ jù, ó sì wọ́n jù. Oòrùn wa kò bá a ṣọ̀rẹ́: tí wọn ò bá fi ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dènà oòrùn bò ó, ojú rẹ̀ á pọ́n, á sì ṣe bàìbàì. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ̀nù, fáíbà ni, tí wọ́n fi aṣọ kábọ̀nù kan ṣoṣo bò lójú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán kábọ̀nù sí ni. Ẹ yí i padà kí ẹ wo inú rẹ̀ àti etí rẹ̀.

Tí olùtajà bá ń ṣe kánmọkánmọ nípa ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà, inú ọjà náà á sọ̀rọ̀. Bọ́ńpà oníke máa ń ní àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀: >PP+EPDM<, >ABS<, >PUR<. PUR yẹn ni PU, EPDM sì ni rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ PP. Fáíbà kì í ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákaṣàka, okùn gíláàsì á sì yún yín lọ́wọ́. Ẹ fi ìka kàn án: fáíbà á dún kò-kò bí igbá gbígbẹ, PU á kàn dún bù, bíi bàtà rọ́bà.

Ohun tí mo ń yàn fún ọkọ̀ tó ń gbé Àjàṣẹ́ ni pé kí ohun tó máa kan ilẹ̀ jẹ́ ohun tó ń tẹ̀. PU tàbí PP níwájú. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, ABS tàbí fáíbà. Lẹ́yìn, fáíbà kò burú, bí paipu èéfín kò bá ti sún mọ́ ọn jù. Ooru rẹ̀ a máa yọ́ ike, a sì máa sun ọ̀dà.

5. Ta ni ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí ẹ tó wá kíìtì àwọn oníkíìtì, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ ṣe. BMW ní ti M Sport, Mercedes ní ti AMG Line, Audi ní S line. Wọ́n máa ń tú wọn lára ọkọ̀ tó ti gbá nǹkan ní Yúróòpù, wọ́n a sì bá àwọn tòkúnbọ̀ wá. Ó ti dọ́gbẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ihò ìdè rẹ̀ á bọ́ síbi tó yẹ. Lójú tèmi, bọ́ńpà M Sport àlòkù tó fín lára sàn ju àwòkọ tuntun mẹ́ta lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò gbà, wọ́n ní ọkọ̀ gbogbo ènìyàn lèyí á sọ tiwọn dà. Tiwọn náà nìyẹn.

Tí ẹ bá ń wá a ní Èkó, ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni èrò máa ń wọ́ lọ. Ẹ mú bọ́ńpà àtijọ́ lọ, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra, kí ihò bá ihò. Ẹ gba rìsíìtì, torí ní ẹnubodè Kraké, àwọn dúwáànì (kọ́sítọ́ọ̀mù) á béèrè iye tí ẹ rà á, èyí tí ẹ bá fi ẹnu lásán sọ kò ní tó.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ni ọ̀tá. Ẹ wo abẹ́ táyà ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán náà: tí kò bá sí eruku níbẹ̀, tí òjìji rẹ̀ mọ́ jù, kọ̀ǹpútà ló yà á, ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì ṣe ọjà náà rárá. Ohun tí mo máa ń ní kí olùtajà fi ránṣẹ́ kò pọ̀: fọ́tò ọjà náà lára ọkọ̀ tó ní kóòdù kan náà pẹ̀lú tèmi, *kí wọ́n tó kùn ún*, fọ́tò inú rẹ̀, àti fídíò kúkúrú tí téèpù ti nà láti igun kan dé èkejì. Ọ̀dà máa ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ rí èyí tí wọ́n ti kùn. Mo tún máa ń béèrè ta ló ni ìnáwó rẹ̀ bó bá là lójú ọ̀nà, mo sì ń jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọjọ́ méjì, mo lè bá a rà. Ẹni tó bá ń dáhùn pẹ̀lú "my brother, trust me", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

6. Owó, àti ìwọ̀n tí kò sí lórí òṣùwọ̀n

Bọ́ńpà fáíbà kò wúwo, ọmọdé méjì lè gbé e. Kí ló dé tí owó ìfìránṣẹ́ rẹ̀ fi ń dẹ́rù bani? Àyè tó gbà ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Bí ẹ bá fẹ́ kó wá pẹ̀lú bàálù lọ́nà kíákíá, wọ́n á ṣe gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀ síra wọn, wọ́n á wá fi 5000 pín in. Páálí tó jẹ́ 190 sí 60 sí 45, èsì rẹ̀ á jẹ́ kílò 102 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ ó sanwó kílò tó ju ọgọ́rùn-ún lọ fún ohun tí kò tó kílò mẹ́wàá. Lójú omi, páálí yẹn kan náà kàn fi díẹ̀ lé ní ìdajì mítà onígun mẹ́rin-gbogbo kan ni. Mo máa ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Oṣù kan tàbí méjì kò pa ẹnikẹ́ni, àtètè dé bọ́ńpà kò ní kí pẹ́ńtà tètè ṣe é.

Ohun tí ẹ bá rà pẹ̀lú owó euro, iye rẹ̀ kò ní yí lọ́wọ́ yín, nítorí euro kan jẹ́ 655,957 CFA láìyẹ̀. Kíìtì 300 euro jẹ́ bíi 196 787 CFA, lónìí àti lóṣù tó ń bọ̀. Dọ́là kò rí bẹ́ẹ̀, náírà kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní pọ́ọ̀tù, TVA (owó-orí tí ẹ̀yin ará Èkó ń pè ní VAT) jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì máa ń ṣírò rẹ̀ lórí iye ọjà, owó ìfìránṣẹ́ àti owó ẹnubodè lápapọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín gba ẹrù ní Kutọnu kọ gbogbo owó náà sílẹ̀ fún yín *kí* ẹ tó san owó kíìtì fún ẹnikẹ́ni.

Iye tí mo bá ra kíìtì, mo máa ń fi iye kan náà pa mọ́ fún tólíyè àti pẹ́ńtà. Bí mi ò bá ní in lápò, mi ò tíì ní owó kíìtì nìyẹn.

7. Ọjọ́ tó dé

Ẹ tú u kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ ya fọ́tò páálí kí ẹ tó gé téèpù rẹ̀, ẹ ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi iná fóònù yẹ inú rẹ̀ wò fún ìlà tó là. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi í ti ògiri nínú oòrùn, pàápàá PU. Á gba ìrísí ògiri. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ó ti máa wà lára ọkọ̀, kí gbogbo ara rẹ̀ ní ohun tó gbé e dúró.

8. Ẹ wọ̀ ọ́ wò ní ìhòòhò

Èyí ni ibi tí pẹ́ńtà àti ẹni tó ni ọkọ̀ ti máa ń jà. Pẹ́ńtà á fẹ́ kùn ún lójú ẹsẹ̀ kó lè gbowó. Ẹ kọ̀. Ọjà tí wọ́n ti kùn, olùtajà kò ní gbà á padà mọ́, tólíyè kò sì ní lè fá a láì ba ọ̀dà jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tú bọ́ńpà àtijọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí igi irin kan tó nà lọ gbọọrọ. Òun ló máa ń gba ìkọlù dípò yín. Tí wọ́n bá ní kíìtì kò ní wọlé àfi tí wọ́n bá gé e tàbí yọ ọ́, kíìtì náà ló gbọ́dọ̀ padà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn nǹkan kékeré onílà iná tí wọ́n dè mọ́ irin níwájú. Lára wọn ni èyí tó ń sọ fún àpò afẹ́fẹ́ ìgbà tó máa bẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí wọn nípò. Ẹ sì rí i pé ihò iwájú kíìtì kọjú sí rédíétọ̀. Ooru Àjàṣẹ́ kò fàyè gba ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n dí nímú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kíìtì sí i pẹ̀lú ìdè díẹ̀ àti téèpù oníwèé. Ọ̀gá tólíyè mi kì í lo ẹ̀rọ kankan láti wọn àlàfo. Owó onírin ló máa ń mú jáde lápò, á máa tì í bọ ojú àlàfo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá há, á fi bírò sàmì sí i. Ibi tó bá já bọ́, á sàmì mìíràn. Ó fá ibi kìíní, ó kún ibi kejì. Nígbà tí owó náà bá ń lọ geerege yíká, ó parí. Tí wọ́n bá ń fá fáíbà, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n máa da omi sí i. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú, ó sì ń yúnni ju èèsìn lọ.

Ẹ wá wà á kiri bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú gbogbo ìdè rẹ̀, láì tíì kùn ún, kó rí bí ẹni tó wọ ṣòkòtò alábùlẹ̀. Tí táyà bá ń ha á nígbà tí ẹ bá yí sítíárì dópin, ìgbà yìí ló yẹ kí ẹ mọ̀. Oòrùn tó ń pa fáíbà lọ́jọ́ wọ̀nyẹn náà ń bá yín ṣiṣẹ́: rẹ́sìnì tí kò tíì gbẹ tán á gbẹ, ihò wẹ́wẹ́ kò ní máa yọ jáde lábẹ́ ọ̀dà.

Nípa ọ̀dà, mẹ́ta péré ni mo ní í sọ. Ìda wà lára kíìtì tuntun, èyí tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kó bọ́ lára àpótí tí wọ́n fi mọ ọ́n. Kí wọ́n fi oògùn fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó fọ́n pírámà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ tú ìdérí ẹnu táǹkì epo lọ fún ẹni tó ń po àwọ̀, torí àwọ̀ inú ìwé ilé-iṣẹ́ kì í ṣe àwọ̀ ọkọ̀ tí oòrùn ti pa lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ má sì kùn ún nígbà òjò tàbí nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ọ̀rinrin á mú ojú ọ̀dà funfun bí wàrà, eruku ọyẹ́ á sì sùn sórí rẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù.

9. Ìwé ọkọ̀

Kí ẹ tó gé féńdà tàbí kí ọkọ̀ tó fẹ̀ sí i, ẹ lọ béèrè níbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀, kí ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín. Fún ètè iwájú lásán, ẹ kàn rí i pé nọ́ńbà hàn ketekete, pé kò sí iná tí kíìtì bò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá ti ń gun òkúta títò kiri, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ sùn sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì tún gbogbo ìdè fún. Mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ tèmi. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, méjì ti tú, ọ̀kan ti wà ní ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.